Nígbà Tí Imú Kò Gbọ́ Òórùn Mọ́

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun Ọba tí Ó fi imú àti ahọ́n jíǹkí ọmọ ènìyàn.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí ìlú Ọ̀fà, ní ọjọ́ 6 oṣù kẹrin ọdún 2020 ni a kéde pé àrùn kòrónà ti wọ Ìpínlẹ̀ Kwara. Ibà àti ikọ́ ni gbogbo ènìyàn ń ṣọ́ nígbà náà. Ní oṣù karùn-ún ni ìjọba Bìrìtéènì ṣẹ̀ṣẹ̀ fi àìgbóòórùn àti àìmọ adùn oúnjẹ kún àwọn àmì rẹ̀. Ẹni tí kò gbọ́ òórùn irú tí ń bẹ nínú ọbẹ̀ rẹ̀ mọ́, tí ọ̀dùnkún Ọ̀fà kò dùn lẹ́nu rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀fìnkìn kò dí i nímú, kí ó má ṣe pè é ní ibà lásán.

Kì í ṣe iṣan tí ń gbé òórùn lọ sí ọpọlọ gan-an ni kòkòrò àrùn náà ń kọlù, bí kò ṣe àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ó yí i ká tí ń tọ́jú rẹ̀. Nítorí náà ni ó fi ń padà bọ̀ sípò fún ọ̀pọ̀ ènìyàn láàrin ọ̀sẹ̀ mélòó kan.

Ànábì kọ̀ fún ẹni tí ó jẹ áyù tútù láti wá sí mọ́sáláásí, kí òórùn rẹ̀ má baà ni àwọn olùkírun lára. Bí òórùn bá tó bẹ́ẹ̀, kí ni ti àrùn tí ó lè pa àwọn bàbá tí ń bẹ ní sàfù iwájú? Àwọn kan ń wí pé ẹni tí ó ní ìgbáralé Ọlọ́hun kì í sá fún àrùn. Ọ̀rọ̀ náà kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀: Khalifa Umar padà ní Sargh, lójú ọ̀nà Ṣáámù, nígbà tí ó gbọ́ pé àjàkálẹ̀ àrùn ń bẹ níwájú.

Kí ẹni tí àmì yìí bá bá lọ ṣe àyẹ̀wò, kí ó sì kírun àílà nílé dípò Jímọ̀. Kí ará ilé máa bá a ṣọ́ gáàsì tí ń jò àti ọbẹ̀ tí ó ti kan, nítorí imú rẹ̀ kò ní sọ fún un. Láti ìparí ọdún 2021, tí ẹ̀yà Omicron dé, àmì náà ti dínkù púpọ̀. Àìsí rẹ̀ kò fi hàn pé àrùn kò sí. Bí ó bá pẹ́ kí òórùn tó padà, kí ó máa gbóòórùn kànáfùrù àti ọsàn wẹ́wẹ́ láràárọ̀ àti lálaalẹ́, fún oṣù mélòó kan.