Omi kànga àbí omi ẹ̀rọ: Kí ló yẹ kí ẹni tó fẹ́ ta ilé ṣe?



Àwọn àgbà ní omi ò lọ́tàá, síbẹ̀ omi lè ba ọjà ilé jẹ́. Ẹni tó fẹ́ ra ilé lè fẹ́ràn yàrá, kó fẹ́ràn àgbàlá, kó wá bèèrè pé: "Omi wo lẹ ń lò níbí?" Ìdí nìyí tí onílé fi máa ń rò ó bóyá kí òun fa omi ẹ̀rọ ìjọba wọlé kí òun tó tà á, àbí kí òun gbẹ́kẹ̀ lé kànga.

Ohun àkọ́kọ́ ni kó wò bóyá omi ń yọ ní àdúgbò náà. Ní Enugu, ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn onílé tí páìpù wọn gbẹ fi ń ra omi lọ́wọ́ àwọn ọlọ́kọ̀ tánkà tó ń gbé e wá láti 9th Mile. Bí èèyàn bá náwó fa páìpù tí omi kì í gba inú rẹ̀, kò sí oníbàárà tó máa dá owó yẹn padà.

Bí omi bá ń yọ déédéé, kó fà á wọlé, kó san gbèsè tó bá wà nílẹ̀, kó sì tọ́jú rìsíìtì. Kó má dí kànga, torí yóò wúlò lọ́jọ́ tí omi ẹ̀rọ bá lọ. Ṣùgbọ́n kó má so páìpù kànga mọ́ ti ìjọba, kí omi kànga má bàa wọ inú èyí tí gbogbo àdúgbò ń mu.

Bí kànga nìkan ló wà, àyẹ̀wò ló yẹ kó náwó lé. Omi tó mọ́ gaara lè ní májèlé. Ní Ogale, ìpínlẹ̀ Rivers, ìwádìí àjọ UNEP lọ́dún 2011 rí benzene, tó ń fa àrùn jẹjẹrẹ, nínú omi kànga. Ó ju ìlọ́po 900 ìwọ̀n tí àjọ WHO fi lélẹ̀.

Níbi tí kò sí epo rọ̀bì, ṣáláńgá tó wà nítòsí kànga lè jẹ́ ewu. Kò yẹ kí kòkòrò E. coli wà nínú mílílítà 100 omi mímu rárá, nitrate kò sì gbọdọ̀ ju mílígíráàmù 50 lọ nínú lítà kan. Síse omi ń pa kòkòrò, àmọ́ kì í mú nitrate kúrò. Ọmọ ìkókó tí wọ́n ń fi irú omi bẹ́ẹ̀ po mílíìkì fún ló wà nínú ewu jù.

Bí èsì àyẹ̀wò kò bá wá dára ńkọ́? Ẹni tó bá fi pamọ́, tó sì ta ilé náà, àìsàn ló tà mọ́ ọn. Bó bá jẹ́ kòkòrò, kó tún kànga ṣe, kó da chlorine sí i, kó sì tún omi náà yẹ̀ wò. Bó bá jẹ́ ohun tí chlorine ò ká, kó sọ fún oníbàárà, kí wọ́n jọ dúnàá dúrà lórí iye tí wọn yóò yọ nínú owó ilé.