Ọmọ Yín Fẹ́ Ṣe Nọ́ọ̀sì: Ẹ Béèrè Ìwé Àṣẹ Kí Ẹ Tó Sanwó

Ọ̀rọ̀ tí ọ̀kan nínú wa, nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì, bá ẹgbẹ́ sọ ní ìpàdé wa ní Ire

   Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá kò gùn, ṣùgbọ́n owó yín wà nínú ẹ̀, ọmọ yín náà wà nínú ẹ̀.

Ìyá kan wà tí mo mọ̀, èlùbọ́ ló ń tà. Ó dá àjọ odidi ọdún kan, ó kó o, ó fi ọmọ ẹ̀ obìnrin sí ọsibítù aládàáni kan tí wọ́n ní àwọn ń kọ́ nọ́ọ̀sì. Ọdún kan ààbọ̀ ni wọ́n dá fún un. Ọmọ wọ aṣọ funfun, ó dé fìlà, wọ́n ya fọ́tò, a lọ bá wọn jẹ ìrẹsì. Nígbà tí ìjọba fẹ́ gba nọ́ọ̀sì, ọmọ gbé sátífíkéètì ẹ̀ lọ. Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n bi í ni nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ ẹ̀. Kò ní. Wọ́n dá ìwé ẹ̀ padà fún un. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, ìyá ẹ̀ wá bá mi nílé, ó ní, “Àǹtí Nọ́ọ̀sì, ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n.” Mo ní, “Mọ̀mọ́, kò sí ẹni tí a ó bẹ̀. Ibi tí ọmọ lọ kì í ṣe ilé ìwé nọ́ọ̀sì.” Auxiliary ni wọ́n ń pe irú ẹ̀. Ọmọ náà ti tún WAEC ṣe báyìí, ó ti bẹ̀rẹ̀ lọ́tun, ṣùgbọ́n owó àjọ yẹn ti wọmi.

Ṣé ẹ rí omi inú ọ̀rá tí à ń tà? Bí kò bá ní nọ́ńbà NAFDAC, bó ti wù kó tutù tó, wàhálà lẹ gbé sórí igbá. Bẹ́ẹ̀ náà ni ilé ìwé nọ́ọ̀sì. Àjọ tó ń fọwọ́ sí i ni Nursing and Midwifery Council ti Nàìjíríà. Òfin ọdún 1979 ló gbé e kalẹ̀, Àbújá ni olú ilé iṣẹ́ ẹ̀ wà. Àwọn ló ń lọ wo ilé ìwé: ṣé olùkọ́ pé, ṣé ìwé àti yàrá ìkọ́ṣẹ́ wà, ṣé ọsibítù tí ọmọ á ti kọ́ṣẹ́ tó. Bó bá tẹ́ wọn lọ́rùn, wọ́n á fọwọ́ sí i. Accreditation ni wọ́n ń pe ìfọwọ́sí yẹn. Àwọn náà ló ń ṣe ìdánwò ìkẹyìn, tí wọ́n ń kọ orúkọ ẹni tó bá yege sínú ìwé ńlá, tí wọ́n sì ń fún un ní àṣẹ iṣẹ́. Aṣọ funfun kọ́ ló ń sọ èèyàn di nọ́ọ̀sì o, orúkọ inú ìwé yẹn ni.

Nítorí náà, kí ẹ tó san kọ́bọ̀, ẹ bi ilé ìwé ní ìbéèrè mẹ́ta.

Èkíní: Ṣé ìfọwọ́sí Council wà lọ́wọ́ yín lónìí? Mo ní lónìí, nítorí ìfọwọ́sí ní àkókò, ó lè tán, wọ́n sì lè gbà á padà. Bí wọ́n bá ní ó ń bọ̀ lọ́nà, ẹ ní kí owó yín náà ṣì máa bọ̀ lọ́nà. Ẹ má gba ọ̀rọ̀ ẹnu wọn nìkan gbọ́. Ẹ ní kí ọmọ yín ṣí nmcn.gov.ng lórí fóònù, ìkànnì Council nìyẹn, kí ó wá orúkọ ilé ìwé náà níbẹ̀.

Ìkejì: Ọmọ mélòó ni wọ́n ní kí ẹ gbà lọ́dún? Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ìyá ti ń ṣubú. Council máa ń dá iye fún ilé ìwé kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì ń kọ orúkọ ọmọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn, índẹ́ksì ni wọ́n ń pè é. Ká ní àádọ́ta ni wọ́n dá fún wọn, tí wọ́n wá gba ọgọ́rùn-ún, àádọ́ta ló máa dúró síta lọ́jọ́ ìdánwò. Ilé ìwé lè jẹ́ ojúlówó, kí àyè ọmọ tiyín má sí níbẹ̀.

Ìkẹta: Ọsibítù wo ni àwọn ọmọ ti ń kọ́ṣẹ́, àti pé nínú àwọn tó jáde kẹ́yìn, mélòó ló yege ìdánwò Council? Ilé ìwé tó dára kì í bínú sí ìbéèrè yìí.

Ti yunifásítì ní ìkọ́kọ́ tiẹ̀. NUC ló ń fọwọ́ sí dìgírì, ọdún márùn-ún ni wọ́n fi ń ṣe é. Ṣùgbọ́n bí NUC bá fọwọ́ sí i tí Council kò fọwọ́ sí i, ọmọ á gba dìgírì, kò ní lè ṣe ìdánwò nọ́ọ̀sì. Ẹ béèrè méjèèjì.

Ibo lẹ ti máa bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè? Kọ́lẹ́ẹ̀jì nọ́ọ̀sì ti ìjọba wà ní Òṣogbo. Ti ọsibítù ńlá OAUTHC àti ti ìjọ Adventist wà ní Ilé-Ifẹ̀. Àwọn ará wa Ìgbómìnà ní Kwara náà ní ọ̀kan ní Òkè-Òde. Ní yunifásítì, OAU, UNIOSUN, LAUTECH àti Bowen ní Ìwó ń kọ́ ọ. Síbẹ̀, ìbéèrè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta náà lẹ máa bi gbogbo wọn. Kọ́lẹ́ẹ̀jì ìmọ̀ ìlera ní Iléṣà dára, iṣẹ́ gidi ni wọ́n ń kọ́ níbẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn òṣìṣẹ́ ìlera agbègbè ní àjọ tiwọn. Kí ẹnikẹ́ni má tà á fún yín bíi nọ́ọ̀sì.

Ọmọ gbọ́dọ̀ ní kírẹ́díìtì márùn-ún: Gẹ̀ẹ́sì, Ìṣirò, Bayọ́lọ́jì, Kẹ́mísírì àti Físíìsì, kò sì gbọ́dọ̀ ju ìjókòó méjì lọ. JAMB náà wà níbẹ̀. Nítorí náà, láti SS1 ni kí ẹ ti mọ kíláàsì tó wà. Ẹni tó bá ní òun á gba ọmọ láìní WAEC, ẹ sá fún un.

Ẹ má rò pé ọ̀dọ̀ wa nìkan ni èyí wà. Ní oṣù kìíní ọdún 2023, ìjọba Amẹ́ríkà fẹ̀sùn kan èèyàn 25 lórí ọ̀rọ̀ àwọn ilé ìwé nọ́ọ̀sì kan ní Florida tí wọ́n ta ayédèrú ìwé ẹ̀rí tó lé ní 7,600. Àwọn tó fi owó ńlá rà á, ìwádìí ń lé wọn kiri. Ẹni tó bá sì ń rò pé ọmọ òun á lọ sí London, kó mọ̀ pé Council wa nílé ni wọ́n á ti kọ́kọ́ jẹ́rìí sí ìwé ẹ̀. Ẹni tí orúkọ ẹ̀ kò sí níbẹ̀, kí ni wọ́n fẹ́ jẹ́rìí sí?

Ẹ̀yin ìyá mi, bí a bá sọ̀kò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bà. Ọmọ tí kò kọ́ṣẹ́ dáadáa, tó gbé abẹ́rẹ́ dání, èmi àti ẹ̀yin ló máa fún lábẹ́rẹ́ náà. Àwa ni a máa gbé ọmọ-ọmọ wa lọ bá a lóru. A kì í ra àgbàdo láìwo ìdí àpò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo ìdí ilé ìwé kí ẹ tó tú owó nídìí aṣọ. Bí ìwé kan bá wà tí ẹ kò mọ̀ ọ́n kà, ẹ gbé e wá sí ìpàdé, a ó jọ wò ó.

Ọlọ́run á jẹ́ kí a jèrè ọmọ o.