Ẹ̀dọ̀ àti Oògùn Tí Kì Í Jẹ́ Kí Ẹ̀jẹ̀ Dì

Ọ̀rọ̀ tòní kan ẹni tí dókítà fún ní warfarin nítorí ẹ̀jẹ̀ tó dì sí i lẹ́sẹ̀, tàbí nítorí àrùn ọkàn.

Ẹ̀dọ̀ ni ó ń fọ́ oògùn yìí sí wẹ́wẹ́ títí agbára rẹ̀ yóò fi tán. Iṣẹ́ náà kò yá: lẹ́yìn nǹkan bí wákàtí 40, ìdajì rẹ̀ ṣì lè wà nínú ara. Bí ẹ bá da àwọn oògùn kan pọ̀ mọ́ ọn, ẹ̀dọ̀ lè má ráyè fọ́ ọ. Ẹ̀jẹ̀ tó bá yọ kò ní tètè dá. Àgbo náà lè ṣe bẹ́ẹ̀ (a kò bá àgbo ìyá yín jà o). Rifampicin, oògùn ikọ́ ife, ń mú kí ẹ̀dọ̀ tètè pa á run. Ẹ̀jẹ̀ lè tún dì.

Ti ọmọ inú ló le jù. Warfarin ń gba inú ibi ọmọ kọjá sí i, ẹ̀dọ̀ tirẹ̀ kò sì tíì gbó. Láàárín ọ̀sẹ̀ 6 sí 12, ó lè ba imú àti egungun ọmọ jẹ́. Heparin, èyí tí à ń gún lábẹ́rẹ́, kì í kọjá sọ́dọ̀ ọmọ.

Ẹ má dá oògùn dúró fúnra yín. Ẹ̀jẹ̀ tó dì lè pa ìyá. Ẹni tó bá ń lò ó nínú yín, kí ó rí nọ́ọ̀sì lónìí kí ó tó lọ sílé.