Ká Sanwó Ìlera Ọmọ Òrukàn Kí Àìsàn Tó Dé

Ẹ̀yin ará wa ní Òmù-Àrán àti Ẹ̀sìẹ́, bí ibà bá mú ọmọ òrukàn lóru, ta ni yóò sanwó káàdì? Ìyá rẹ̀ tó jẹ́ opó yóò máa fi àgbo dúró di ọjọ́ ọjà.

Ní 2007, ètò adójútòfò ìlera bẹ̀rẹ̀ ní Ṣóńgà, ní Kwara wa yìí: àwọn ará oko ń dá owó díẹ̀, ìrànwọ́ láti Netherlands ń kún un. Òfin ọdún 2022 sọ adójútòfò ìlera di dandan ní Nàìjíríà, ó sì dá àpò owó sílẹ̀ fún àwọn aláìní.

Ṣùgbọ́n ẹni tí kò forúkọ sílẹ̀ kò lè jẹ nínú rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká forúkọ àwọn ọmọ wọ̀nyí sílẹ̀. Èyí tí àpò ìjọba kò bá kàn, ká fi sàká san tirẹ̀. Kí Ọlọ́hun gbà á ní iṣẹ́ rere. Àmín.