Ìsoríkọ́ Kì Í Ṣe Ọ̀lẹ
Ìyá oníṣòwò tí kò pàtẹ mọ́, tí oúnjẹ kò wù ú jẹ, tó ń lajú sílẹ̀ di ìdájí: bó bá tó ọ̀sẹ̀ 2, ìsoríkọ́ ló lè jẹ́, kì í ṣe ọ̀lẹ. Ó ní ìtọ́jú. Ní Lomé níbí, àjọ Bluemind Foundation ti kọ́ àwọn onídìrí bí wọ́n ṣe lè tẹ́tí sí obìnrin tí ìdààmú ọkàn bá. Ọgbọ́n gidi ni. Ta ló ń dákẹ́ nídìí irun dídì? Ṣùgbọ́n onídìrí kì í ṣe dókítà. Ẹni tó bá ń sọ pé ikú yá ju ayé lọ, ẹ má fi òun nìkan sílẹ̀. Ẹ mú un lọ sílé ìwòsàn lónìí.