Páàsì Wà Lọ́wọ́, Bọ́ọ̀sì Dà?

(Ọ̀rọ̀ tí ọ̀kan nínú àwọn àgbà ẹgbẹ́ wa sọ níbi àpéjọ ọdọọdún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́, ẹ̀ka ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì)

  

Nígbà tí akọ̀wé tẹ̀ mí láago pé kí n wá bá yín sọ̀rọ̀, mo rò pé ọ̀rọ̀ ìlera ni wọ́n fẹ́, nítorí iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mo fi ọgbọ̀n ọdún ó lé ṣe. Ó ní rárá o, ohun tó bá ń jẹ mí lọ́kàn ni kí n sọ. Mo ní ó dáa, bọ́ọ̀sì ni. Ó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin náà ń rẹ́rìn-ín. Ẹ dúró ná.

Ẹ ó rántí bí a ṣe máa ń padà sí ilé-ìwé lẹ́yìn họlidé. Bọ́lẹ̀kájà ni, lórí pákó, àpótí aṣọ lórí ẹsẹ̀, gàrí lábẹ́ àga. Kọ́ńdọ́kítọ̀ kò mọ bàbá àgbà, kò mọ ọmọdé: "Ẹ wọlé pẹ̀lú ṣéńjì yín o!" Èmi kò lálàá rẹ̀ rí pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí màá wọ bọ́ọ̀sì, tí màá kàn gbé káàdì kan ẹ̀rọ, tí dẹ́rébà á mi orí sí mi pé kí n kọjá láìsan kọ́bọ̀. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ gba tèmi ní London, mo wọ bọ́ọ̀sì láti Peckham dé àárín ìlú, mo tún wọ̀ ọ́ padà, mi ò sì ní ohunkóhun láti rà níbẹ̀. Inú mi ṣáà ń dùn ni, bí alẹ́ tí wọ́n bá ní kò sí prep.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn rẹ̀ díẹ̀ fún àwọn tí ọjọ́ orí wọn kò tíì tó o. Wales fún àwọn àgbàlagbà wọn ní bọ́ọ̀sì ọ̀fẹ́ káàkiri ní oṣù kẹrin 2002. Scotland ṣe tiwọn ní 2006. Ní England, òfin tí ilé aṣòfin ṣe ní 2007 ló mú un wá pé láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹrin 2008, ẹni tó bá ní páàsì lè wọ bọ́ọ̀sì lọ́fẹ̀ẹ́ níbikíbi ní England, láti aago mẹ́sàn-án ààbọ̀ òwúrọ̀ títí di mọ́kànlá alẹ́ láàárín ọ̀sẹ̀, àti láti òwúrọ̀ kùtù ní Sátidé, Sọ́ńdè àti ọjọ́ ìsinmi ìjọba. Ẹni 60 ọdún ni wọ́n ń fún nígbà náà. Láti 2010 ni wọ́n ti so ó mọ́ ọjọ́ orí owó ìfẹ̀yìntì. Bí ìyẹn ṣe ń gòkè ni òun náà ń gòkè, ó di 66 ní 2020, ó tún ti ń forí lé 67. Wales, Scotland àti Northern Ireland wà ní 60 níbi tí wọ́n wà. Tiwa ní England, bí a ti ń sún mọ́ ọn ni ó ń sá fún wa.

London gbọ́n. Ní 2012 wọ́n dá káàdì mìíràn sílẹ̀ fún àwọn ará ìlú tó ti pé 60, kí wọ́n máa fi rìn títí wọn yóò fi tó gba ti àgbàlagbà gan-an. Èyí ni mo gbà. Ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ mi ti bẹ̀rẹ̀, nítorí mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú yín ló ń ronú láti ṣe ohun tí mo ṣe.

Ní 2017, nígbà tí mo lé díẹ̀ ní 62, mo ta ilé mi ní London, mo ra òmíràn ní ìlú kékeré kan tí n kò ní dárúkọ. Ilé náà tóbi, ó ní ọgbà, tẹ̀tẹ̀ ń hù níbẹ̀ nígbà ooru. Ohun tí ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi ni pé káàdì 60 ti London, ará London nìkan ló wà fún. Mo kó kúrò, káàdì kú. Mo padà di ẹni tó ń wá ṣéńjì títí mo fi pé 66. Ẹ̀yin tí ẹ wà láàárín 60 sí 66, tí ẹ ti ń bá àwọn aṣojú onílé sọ̀rọ̀, ẹ fi èyí sínú ìṣirò yín.

Ṣùgbọ́n ìyẹn kéré. Nígbà tí mo dé ìlú náà, wákàtí wákàtí ni bọ́ọ̀sì ń kọjá lójú ọ̀nà wa. Kò pé ọdún méjì, wọ́n lẹ bébà mọ́ òpó: ti Sọ́ńdè ti kúrò. Bẹ́ẹ̀ ni ṣọ́ọ̀ṣì wà ní ìlú kejì! Lẹ́yìn náà, ti ìrọ̀lẹ́ kúrò. Ìparí 2020 ni páàsì mi dé nínú àpò ìwé, nígbà tí kòrónà ti tì wá mọ́lé. Nígbà tí wọ́n fi máa ṣílẹ̀kùn fún wa, bọ́ọ̀sì ti di mẹ́rin lójúmọ́. Mo wá ní páàsì tó lè gbé mi káàkiri England, àfi kúrò lẹ́nu ọ̀nà ilé mi.

Mo lọ sí ìpàdé tí káńsù pè. Mo wọ bùbá mi, mo so gèlè, kí wọ́n lè mọ̀ pé mo wá. Ọ̀gbẹ́ni tó dá wa lóhùn kì í ṣe èèyàn burúkú. Ó ní, "Màdáámù, ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kan páàsì yín." Òtítọ́ ló sì sọ. Mo padà sílé, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka bí nǹkan ṣe ń lọ, ohun tí mo rí nìyí.

Òfin fi dandan lé e pé kí káńsù máa san owó padà fún ilé-iṣẹ́ bọ́ọ̀sì lórí gbogbo ìgbà tí a bá fi páàsì wọkọ̀. Páàsì ni òfin ń ṣọ́. Bọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀ ńkọ́? Láti ọjọ́ 26 oṣù kẹwàá 1986, lábẹ́ òfin tí wọ́n ṣe ní 1985, ibi tí èrè bá wà ni ilé-iṣẹ́ bọ́ọ̀sì ń ná ní ìta London. Ibi tí kò bá sí èrè, káńsù lè fi owó kún un kí ọkọ̀ lè máa dé ibẹ̀, ṣùgbọ́n òfin kò sọ pé iye báyìí ni kí ó fi kún un. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ wá bẹ̀rẹ̀ sí í dín owó tó ń fún àwọn káńsù kù láti 2010, kí ni wọ́n máa gé? Òfin mú wọn lórí ìtọ́jú arúgbó, ó mú wọn lórí àwọn ọmọ tó wà nínú ewu. Ó ku ilé eré àwọn ọ̀dọ́, ó ku bọ́ọ̀sì abúlé. Cumbria fagi lé owó àrànṣe bọ́ọ̀sì pátápátá ní 2014, Oxfordshire ṣe bẹ́ẹ̀ ní 2016. Kódà Birmingham, ìlú ńlá bẹ́ẹ̀, kéde ní 2023 pé owó òun kò lè ká ìnáwó òun mọ́.

Mo sọ fún yín pé nọ́ọ̀sì ni mí. Ìyá Òyìnbó kan wà ládùúgbò mi, ẹni 84 ọdún. Wọ́n fún un ní ọjọ́ tí yóò lọ sí klíníìkì ojú, aago mẹ́sàn-án kọjá díẹ̀. Bọ́ọ̀sì tó lè gbé e dé ibẹ̀ lákòókò máa ń kọjá kí aago mẹ́sàn-án ààbọ̀ tó lù, nítorí náà páàsì kò ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀. Yóò sanwó lọ, ìyẹn kò burú. Bíbọ̀ ni kò sí. Takisí gba £18. Ó sọ fún mi pé òun ti fi klíníìkì náà sílẹ̀. Mo ní, ìyá, ojú ni o! Ó ní òun mọ̀. Bí ojú yẹn bá lọ, káńsù kan náà ni òfin yóò mú pé kí ó rán ẹni tí yóò máa wá wẹ̀ ẹ́, tí yóò máa bá a gbé oúnjẹ kaná. Mélòó ni wọ́n wá rí fi pamọ́? Irú wọn pọ̀ tí mo ti gbà sí wọ́ọ̀dù.

Ọmọ mi ọkùnrin máa ń bá mi jiyàn. Ó ní àwọn ọ̀dọ́ ń sanwó ilé, wọ́n ń sanwó bọ́ọ̀sì, ẹ̀yin tí ẹ ti nílé lórí lẹ ń gùn ún lọ́fẹ̀ẹ́. Kò parọ́. Kí n sọ tinú mi, èmi ìbá san £1 lójoojúmọ́ bí bọ́ọ̀sì bá lè máa wá. Ṣùgbọ́n mo mọ àwọn ẹlẹgbẹ́ wa kan, inú gbọ̀ngàn yìí náà ni wọ́n wà, tó jẹ́ pé £1 yẹn ni wọn yóò kọ́kọ́ gé kúrò, wọn á sì jókòó sílé. Nítorí náà mi ò bá wọn pariwo pé kí wọ́n gba páàsì.

Kí ẹ tó ra ilé, ẹ wo ìwé àkókò bọ́ọ̀sì ibẹ̀, ti Sọ́ńdè àti ti lẹ́yìn aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. Ẹ béèrè ta ló ń gbé e ró, ṣé ilé-iṣẹ́ ni àbí owó káńsù. Èyí tí káńsù bá ń gbé ró, ẹ mọ̀ pé ọdọọdún ni wọ́n lè yẹ̀ ẹ́ wò. Bí ẹ bá sì ti ní páàsì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ lò ó. Àwọn ọmọ wa fẹ́ràn wa, wọ́n ń fi mọ́tò gbé wa kiri, páàsì wà nínú dúrọ́ọ̀. Ẹ̀rọ yẹn ń kà wá. Nígbà tí wọ́n bá ṣí ìwé, tí wọ́n rí i pé èèyàn mẹ́ta ló ń wọ̀ ọ́, ọ̀rọ̀ ti bùṣe. Bí káńsù bá sì ní kí a wá sọ èrò wa, àwa Yorùbá kì í lọ, a ó ní ọ̀rọ̀ Òyìnbó ni. Ìlú wa ni o, owó orí wa wà níbẹ̀. Ní Greater Manchester, láàárín 2023 sí ìbẹ̀rẹ̀ 2025, wọ́n gba ètò bọ́ọ̀sì padà sọ́wọ́ ìjọba àdúgbò wọn, àwọn ló ń pinnu ọ̀nà tí ọkọ̀ ń gbà báyìí. Ó ṣeé ṣe.

Ní tiwa, a kọ ìwé, àwa mọ́kàndínlógójì la fọwọ́ sí i, ìyá olójú yẹn ló kọ́kọ́ fọwọ́ sí i. Wọn yóò dá wa lóhùn ní oṣù tó ń bọ̀.

Alága, mo rí i pé ẹ ti ń wo aago, èmi náà ń wò ó. Mo gbọ́ pé ijó wà lẹ́yìn oúnjẹ, ó wù mí kí n jó. Ṣùgbọ́n bọ́ọ̀sì tó kẹ́yìn ń kúrò ní ibùdókọ̀ ojú irin ìlú mi ní aago márùn-ún kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ẹ bá mi di ìrẹsì mi sínú abọ́.