Bí Sójà Oníṣẹ́ Ẹ̀rọ Ṣe Lè Di Òṣìṣẹ́ Láàrin Ìlú

  

Àwọn aláṣẹ ẹgbẹ́ wa ní kí àwa díẹ̀ tí a ti fi iṣẹ́ ọwọ́ sin ìjọba nínú iṣẹ́ ológun, tí a sì ń ṣiṣẹ́ jẹun láàrin ìlú báyìí, wá bá yín sọ̀rọ̀ níṣókí. Nínú wa ni ẹni tó tún ẹ̀rọ bàálù ṣe wà, àti ẹni tó jókòó ti rédíò sígínà, àti ẹni tó ń tú ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ogun palẹ̀. A kò wá sọ ìtàn ogun. Ohun tí a fẹ́ sọ ni bí ẹni tó mọ iṣẹ́ ẹ̀rọ nínú bárékè ṣe lè fi iṣẹ́ kan náà bọ́ ilé rẹ̀ nígbà tó bá bọ́ aṣọ sójà sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Láàrin àwa Yorùbá tí a wà ní Kàdúná yìí, ó ṣòro láti rí ilé tí kò ní ọmọ, ọkọ, tàbí àna nínú iṣẹ́ ológun.

Ìlú tí a wà yìí, ìlú sójà ni láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọdún 1913 ni Lugard bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́ dó, ó sì di olú-ìlú ilẹ̀ Àríwá ní 1917. Ojú irin ló gbé púpọ̀ nínú àwọn bàbá wa dé. Nígbà tó di 1964, ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọ̀gá ológun, NDA, bẹ̀rẹ̀ níhìn-ín, bẹ́ẹ̀ náà ni DICON, ilé iṣẹ́ tí ń ṣe ohun ìjà. Ọdún yẹn kan náà ni òfin dá ẹgbẹ́ ọmọ ogun òfurufú sílẹ̀, Kàdúná yìí sì ni àwọn ará Jámánì ti wá ń kọ́ wọn níṣẹ́.

Bíbọ́ aṣọ ogun sílẹ̀ náà kì í ṣe ohun tuntun. Nígbà tí Ogun Àgbáyé Kejì parí ní 1945, ìjọba dá ibùdó kan sílẹ̀ ní Òṣòdì, ní Èkó, láti kọ́ àwọn tó ti ogun dé ní iṣẹ́ tí wọn yóò fi gbé ilé ayé. Ibùdó náà ni a ń pè ní NAFRC lónìí. Lẹ́yìn ogun abẹ́lé tó parí ní 1970, ọmọ ogun wa ti pọ̀ kọjá ohun tí àpò ìjọba lè gbé, ọ̀pọ̀ sì ní láti padà sílé. Láyé ìgbà náà, ẹni tó mọ ẹ̀rọ ní ibi tó lè lọ ní Kàdúná. Ilé iṣẹ́ aṣọ KTL ti wà láti 1957, ilé iṣẹ́ mọ́tò Peugeot ṣí ní 1975, ilé ìfọpo sì ṣí ní 1980. Gbogbo wọn ń wá ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ mọ irin.

Lónìí, ọ̀rọ̀ ti yí padà. KTL ti kógbá wọlé. UNT ti ilẹ̀kùn ní 2007, bí wọ́n sì tilẹ̀ tún ṣí apá kan lẹ́yìn náà, kò padà sí bó ti wà. Ẹnu ọ̀nà tí àwọn ẹ̀gbọ́n wa gbà wọlé ti fún. Nítorí náà, ẹni tí yóò fẹ̀yìn tì nísinsìnyí gbọ́dọ̀ múra ju bí àwọn ẹ̀gbọ́n wa ti múra lọ. Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n.

Kí ni ìmúra náà? Èkíní ni ọ̀rọ̀ ìwé ẹ̀rí. Ọmọ wa lè mọ iṣẹ́ dé ojú àmì, kí ìwé tó ní lọ́wọ́ má sì ní láárí lójú ará ìlú. Ẹ jẹ́ kí a mú ẹni tó ń tún bàálù ṣe. Ó lè ti fi ogún ọdún tú ẹ̀rọ bàálù ogun, kí ó sì tún un tò. Síbẹ̀, kò lè fọwọ́ sí i pé bàálù èrò ti yẹ láti fò, àfi bó bá ní láísẹ́ǹsì NCAA. Ìlànà ICAO, àjọ àgbáyé lórí ọ̀rọ̀ ọkọ̀ òfurufú, ni pé ẹni tí yóò gba irú láísẹ́ǹsì bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ ti ṣe iṣẹ́ àtúnṣe bàálù fún ọdún 4, tàbí ọdún 2 bó bá ti parí ẹ̀kọ́ tí ìjọba fọwọ́ sí, kí ó sì yege nínú ìdánwò. Ilé ẹ̀kọ́ tí a ti ń kọ́ ọ kò jìnnà sí wa rárá. NCAT wà ní Zaria láti 1964.

Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn iṣẹ́ yòókù. Oníṣẹ́ iná yóò lọ bá NEMSA kí wọ́n dán an wò, kí wọ́n sì fún un ní ìwé. Mẹkáníìkì àti wẹ́dà ní ìdánwò Trade Test ti ìjọba, láti ipele kẹta dé ipele kìíní, wọ́n sì tún lè ṣe ti NABTEB, tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1992. Ẹni tó ń di ọgbẹ́ lójú ogun kò tíì di nọ́ọ̀sì, àfi bí orúkọ rẹ̀ bá wà nínú ìwé ìgbìmọ̀ àwọn nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí. Ìgbà tí aṣọ sójà ṣì wà lọ́rùn, tí owó oṣù ṣì ń wọlé, ni kí a ti ṣe gbogbo èyí. Ẹ tún jẹ́ kí ọ̀gá yín fọwọ́ sí àkọsílẹ̀ iṣẹ́ tí ẹ ṣe nígbà tó ṣì wà nítòsí. Bí wọ́n bá gbé e lọ sí ìlú mìíràn, ta ni yóò jẹ́rìí yín?

Èkejì ni bí a ti ń sọ ohun tí a mọ̀. Ọ̀kan nínú wa lọ wá iṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ kan. Ọdún 18 ló fi tún rédíò ṣe. Ọ̀gá ibẹ̀ bi í pé kí ni iṣẹ́ rẹ̀, ó ní sájẹ́ǹtì ni òun. Ọkùnrin náà ní, “Ẹ má bínú, ọlọ́dẹ wa ti pé.” Kò bi í léèrè ohun mìíràn. Ẹ rí i, ará ìlú kò mọ̀ pé inú sájẹ́ǹtì kan yàtọ̀ sí inú èkejì. Arákùnrin wa padà sílé, ó tún ìwé rẹ̀ kọ. Ó kọ irú ẹ̀rọ tó mọ̀, iye ọmọ tó kọ́ níṣẹ́, àti irinṣẹ́ tí wọ́n fi sí ìkáwọ́ rẹ̀ tí ọ̀kankan kò sọnù. Nígbà tí GSM dé ní 2001, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í na òpó káàkiri, àwọn tó nílò ẹni tó mọ rédíò àti jẹnẹrétọ̀ kà á, wọ́n sì gbà á. Ipò ẹni dára, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí ọwọ́ mọ̀ ni ará ìlú yóò sanwó fún.

Ẹ̀kẹta ni ìwà. Nínú bárékè, àṣẹ ló ń ṣiṣẹ́. Láàrin ìlú, oníbàárà lọ̀gá. Yóò pẹ́ kó tó sanwó, yóò ná ọjà dórí kọ́bọ̀, yóò sì tún ní kí o wá tún un ṣe. Ẹni tó bá jágbe mọ́ ọn yóò jókòó ti irinṣẹ́ rẹ̀ láìríṣẹ́. Ṣùgbọ́n a ní ohun kan tí ará ìlú ń wá tí kò rí: a mọ bí a ti ń dé lásìkò, a mọ bí a ti ń tẹ̀ lé ìlànà, a kì í fi nọ́ọ̀tì kan sílẹ̀ láìdì. Ẹ má fi èyí sílẹ̀ sí bárékè. Òun gan-an ni ọjà tí ẹ ní láti tà.

Ẹ̀kẹrin ni owó àti ilé. Ilé bárékè kì í ṣe ilé ẹni. Ọjọ́ tí ìwé ìfẹ̀yìntì bá dé, a óò kó ẹrù jáde. Oṣù 6 ni ẹ̀kọ́ tí a ń gbà ní Òṣòdì, ó dára púpọ̀, ṣùgbọ́n oṣù 6 kò tó láti bẹ̀rẹ̀ láti orí òfo. Bí owó ìfẹ̀yìntì tí a ń san lẹ́ẹ̀kan bá sì wọlé, ojúlùmọ̀ yóò pọ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ẹnìkan yóò ní òwò tí ń di ìlọ́po méjì lóṣù kan, ẹlòmíràn yóò ní kí a ṣe òkú bàbá tó ti kú láti ọjọ́ pípẹ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ra irinṣẹ́ ná, kí ẹ gba ṣọ́ọ̀bù, kí ẹ sì fi owó oúnjẹ ọdún kan pamọ́. Òkú kì í sá.

Kí a má sì gbàgbé àwọn ìyàwó wa. Nígbà tí a wà lẹ́nu iṣẹ́, àwọn ló ń tajà ní màmí máàkẹ́ẹ̀tì. Wọ́n mọ bí a ti ń ná ọjà, wọ́n mọ ẹni tí a lè tà fún láwìn àti ẹni tí a kò lè tà fún. Ọkọ tó bá fẹ́ ṣí ṣọ́ọ̀bù tí kò bi ìyàwó rẹ̀ léèrè, ọ̀gá tó wà nílé ló fi sílẹ̀ tó ń wá ọ̀gá kiri.

Ní ti ẹgbẹ́ wa, ohun mẹ́ta ni a ń bẹ̀bẹ̀ fún. Ẹ jẹ́ kí ẹgbẹ́ ní ìwé kan tí a óò kọ orúkọ gbogbo ọmọ wa tó kù díẹ̀ kí wọ́n fẹ̀yìn tì sí, àti iṣẹ́ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan mọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ní ilé iṣẹ́ àti ṣọ́ọ̀bù, ẹ wo ìwé náà kí ẹ tó wá òṣìṣẹ́ síta. Nínú gbọ̀ngàn tí a ń torí rẹ̀ náwó lónìí, ẹ jẹ́ kí a ya yàrá kan sọ́tọ̀ tí àwọn tó fẹ́ ṣe ìdánwò yóò ti máa kẹ́kọ̀ọ́ nírọ̀lẹ́, kí àwọn àgbà oníṣẹ́ sì máa kọ́ àwọn ọmọ wa tó wà nílé láìníṣẹ́. Ọwọ́ tó ti mọ iṣẹ́ fún ogún ọdún kò yẹ kí ó máa ṣí géètì fún olówó títí di ọjọ́ alẹ́, àfi bó bá jẹ́ pé òun ló wù ú.

Àjèjì ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dé orí. Ẹ̀yin tí ẹ óò náwó lónìí, Ọlọ́run yóò dá a padà fún yín ní ìlọ́po. Àwọn ọmọ wa tó wà lójú ogun, wọn yóò padà bọ̀ láyọ̀, wọn yóò sì rí iṣẹ́ ṣe.